Ilé Tí A Kì Í Bi Àlejò Ní Ọjọ́ Ìlọ

Ní ilé wa ní Asawase, ní ìlú Kumasi ní Gánà, a kì í bi àlejò pé ọjọ́ wo ni yóò lọ. Bàbá mi ló dá àṣà náà sílẹ̀, kò sì fi ẹnu sọ ọ́ rí. Àwọn oníṣòwò á dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ẹrù aṣọ àti ẹrù àwo, a ó fún wọn lómi mu, a ó tẹ́ ẹní fún wọn, a ó fi ilé ìwẹ̀ hàn wọ́n, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta náà ló lò. Ọkùnrin kan wà tó ní ọ̀sẹ̀ kan péré lòun máa fi ta àwo òun tán. Ọdún mẹ́rin ló lò ní yàrá kejì lápá òsì, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ ìyàwó méjì. Nígbà tó lọ tán, ìyá mi ní, "Àṣé aláwo yìí ń lọ lóòótọ́."

Mo rò pé ìwà ọ̀làwọ́ bàbá mi lásán ni, títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọdún náà ni ìjọba ìgbà náà kéde lórí rédíò pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kumasi ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti àbúrò mi obìnrin sí. Twi, èdè àwọn ará Kumasi, la fi ń ṣeré, Twi la fi ń jà, Yorùbá la fi ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ bàbá wa. Láti ọjọ́ ìkéde yẹn ni mo ti mọ bó ṣe ń rí lára kí wọ́n dá ọjọ́ ìlọ fún ènìyàn.

Ọkọ̀ akẹ́rù méjì la rí. Bàbá mi, ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi wọ ọ̀kan. Àbúrò bàbá mi obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ wọ èkejì, àyè ẹnìkan sì ṣẹ́kù nínú tiwọn. Tiwa ti kún débi pé ìyá mi gbé ìkòkò lé itan. Àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló bọ́ sílẹ̀ tó lọ wọ ọkọ̀ kejì. Wọ́n ní a ó pàdé ní ẹnubodè. A ò pàdé. Àǹtí wa kò tilẹ̀ dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú bàbá wa tí àwa lọ. Ó gba Jọ́ọ̀sì lọ, ó sì mú ọmọ náà dání. Lẹ́tà kan ṣoṣo la rí gbà láti ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí èsì wa máa fi débẹ̀, wọ́n ti kó kúrò.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, bàbá mi kó wa padà sí Kumasi. Ó ti fi ilé sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọkùnrin Aṣàńtí tó ń ránṣọ ní àdúgbò Krofrom, ọkùnrin náà sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà láì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní àpótí lẹ́tà wa ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì ti yí nọ́ńbà ilé padà ní gbogbo àdúgbò. Bí àbúrò mi bá kọ̀wé sí àdírẹ́sì Kumasi láàárín ọdún mẹ́fà náà, ọwọ́ àjèjì ló bọ́ sí. Àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní àwọn gbọ́ pé ó ti lọ́kọ, pé ọkọ náà mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò sẹ́ni tó mọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi kú ní ọdún ìyàn ńlá, bàbá mi tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ilé kù sọ́wọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ń bójú tó yàrá márùn-ún tí à ń gba àlejò sí, nítorí ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi sì ti wà nílé ọkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta táyà àlòkù ní ẹ̀bá ibùdókọ̀ Asafo.

Bí mo bá gbìyànjú láti rántí ojú àbúrò mi, kì í wá. Ohun tó máa ń wá ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí ẹní kan la jọ ń sùn, á gbé ẹsẹ̀ kan lé mi nítan, bí mo bá gbé e kúrò, á tún gbé e padà láì lajú. Mo sì máa ń rántí bó ṣe ń bá àwọn oníṣòwò dúnàádúrà. Á bá wọn pọn omi ìwẹ̀, àmọ́ kò ní gbé garawa náà sílẹ̀ títí wọn yóò fi sọ ohun kan fún un nípa Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí kò rí rí. Báwo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí? Ṣé pupa bíi tiwa? Ọ̀nà mélòó ló wọ ọjà? Nígbà tó wá di pé Lọ́ńdọ̀nù ló wà, mo máa ń rò ó lọ́kàn mi pé, ta ló wá ń bi ní ìbéèrè nípa Kumasi?

*

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà dé bá wa ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìkéde yẹn, nígbà tí àwọn oníṣòwò ìlú wa ti ń dín kù. Àwọn tó ń wá ni olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, àti òyìnbó tó bá wá kọ́ bí a ṣe ń hun aṣọ kẹ́ńtè. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó wọ̀nyí, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, bi mí ní àárọ̀ ọjọ́ kan bí ó ṣe ń mu kókò.

"Kí ló dé tí ilé yín kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Ní ìlú wa, mo wá ilé àlejò ní Kumasi lórí kọ̀ǹpútà, òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá nìkan ni mo rí."

Mo ní a kò tíì ronú sí i. Ṣùgbọ́n ohun kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Bí obìnrin yìí bá lè jókòó nílùú rẹ̀ kó máa wá Kumasi, àbúrò mi náà lè wá a. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìdí rẹ̀ nìyẹn. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àwọn àlejò ń béèrè.

Obìnrin ẹ̀yà Fante kan wà ní Asafo tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ti ń fóònù. Ó ti ra kọ̀ǹpútà méjì, ó sì fi ọ̀rá bò wọ́n nítorí eruku. Ó lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, ẹ̀rín kì í jìnnà sí i lẹ́nu. Bí mo ṣe wọlé ló ní:

"Hajia, ẹ wá tẹ̀wé?"

"Mi ò tíì dé Mẹ́kà o."

"Ẹ ó dé ibẹ̀. Mo kàn ń pè yín sílẹ̀ ni."

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó fa àga fún mi, ó sì ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ló wà, kí n mú èyí tó bá wù mí.

"Èkíní, èmi ni mo máa fọwọ́ ara mi kọ gbogbo ojú ewé náà. Bí ẹ bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan padà, ọ̀dọ̀ mi lẹ máa wá. Gbogbo ayé lè kà á, kò sẹ́ni tó lè kọ nǹkan sí i. Ó dà bíi pátákó tí wọ́n kàn mọ́ iwájú ilé."

"Èkejì ńkọ́?"

"Èkejì, ètò kan ni tí àwọn kan ti ṣe sílẹ̀. A ó gbé e síbẹ̀, òun ni yóò máa bójú tó àwọn ojú ewé. Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tiyín tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Ẹ ó máa kọ ohun tó bá wù yín fúnra yín, ẹ ó tẹ bọ́tìnì kan, ayé á rí i. Àlejò á gba yàrá lórí rẹ̀. Ìwé àlejò sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kọ ọ̀rọ̀ àti orúkọ rẹ̀ sí, láti ibikíbi tó bá wà."

"Ibikíbi?"

"Kódà kó jẹ́ Jàpáànù."

"Ta ló máa rí ohun tó bá kọ?"

"Gbogbo ayé, Hajia. Ìdí tí a fi ń ṣe é nìyẹn."

Mo dìde. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó.

Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan ṣáájú ìkéde ọjọ́sí, ọkùnrin kan wá sílé wa, ó ní òun ń ka ènìyàn. Èmi ni ìwé mi dára jù nílé, bàbá mi sì ní kí n kọ orúkọ gbogbo wa fún un. Mo fi ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára jù kọ ọ́, torí pé ọkùnrin náà ń wò mí. Ó yìn mí. Ó ní olùkọ́ ni mo máa dà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì náà ku ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin méjì dúró sí ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ̀ bóyá ìwé tí mo kọ ni. Ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ òun. Mi ò bi ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí rí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí mo fi ń ṣọ́ yàrá àlejò, títí di àkókò tí mò ń sọ yìí, mi ò kọ orúkọ ènìyàn kan. "Ọkùnrin aláṣọ, yàrá kẹta" ni mo máa ń kọ, tàbí "olùkọ́ tó ń wúkọ́". Orúkọ Akan, ti àwọn ọmọ ìlú náà, la sì fún ilé náà, kí ẹni tó bá ń kọjá máà bi wá ní ìbéèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há nìyí. Ojú ewé tí obìnrin yìí máa fọwọ́ kọ kò léwu, ṣùgbọ́n bí àbúrò mi bá rí i, kò ní lè dáhùn. Ètò kejì lè gba ohùn rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n orúkọ máa wà níta, mi ò sì mọ ẹni tí yóò mú un.

Mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì kí ó fi ètò náà hàn mí. Ó ṣí i. Mo rí ibi tí àlejò yóò ti kọ orúkọ, iye ènìyàn, ọjọ́ dídé, ọjọ́ ìlọ.

"Yọ ìyẹn kúrò," mo ní.

"Èwo?"

"Ọjọ́ ìlọ."

"Kò ṣeé yọ. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ètò náà kò ní gbà wọ́n wọlé."

"A kì í bi àlejò bẹ́ẹ̀ nílé wa."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ bi wọ́n. Kọ̀ǹpútà ló bi wọ́n."

"Nínú ilé mi ni kọ̀ǹpútà ti bi wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá tábìlì. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi, ó sì ti ètò náà pa. Mo sọ fún un pé kó bá mi ṣe èkíní, èyí tó dà bíi pátákó.

*

Oṣù mẹ́jọ ni ojú ewé náà wà bẹ́ẹ̀. Orúkọ Akan ilé wà lókè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ní kó kọ sí i kò ju ìlà mẹ́fà: ilé àlejò kan ní Asawase, omi wà, ariwo kò pọ̀, mọ́ṣáláṣí wà nítòsí, oúnjẹ wà bí a bá tètè sọ, nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù náà. Mi ò jẹ́ kí wọ́n ya iwájú ilé. Igi gúáfà tó wà nínú àgbàlá ni mo ní kí wọ́n yà. Àlejò mẹ́ta ló tipasẹ̀ rẹ̀ wá. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ti tó.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù náà láti ibi táyà rẹ̀, epo dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ó ní òun fẹ́ rí ohun tí mò ń tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ wá sí Asafo. Obìnrin náà ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó fọwọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó.

"Ilé ta nìyí?"

"Ilé wa ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Ilé wa dà? Gúáfà ni mo rí."

"Gúáfà inú àgbàlá wa ni."

"Àgbàlá wo ni kò sí gúáfà ní Asawase? Àwọn ewúrẹ́ gan-an ò lè mọ èyí tó jẹ́ tiwa."

Obìnrin náà ní, "Mo ti sọ fún un, Bọ̀ọ̀dá."

"Ó gbé ọjà wá sọ́jà, ó faṣọ bò ó, ó wá jókòó, ó ń retí oníbàárà." Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bọ́ sí Yorùbá kí obìnrin náà má bàa gbọ́. "Àbí o rò pé mi ò mọ ẹni tí ò ń wá ni?"

Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò dárúkọ ọmọ náà láàárín ara wa mọ́.

"Èmi náà ń wo ọ̀nà," ó ní. "Bí obìnrin tó jọ ọ́ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Asafo níbí, mo máa ń gbé táyà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fara pamọ́, ta ni yóò rí i?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó padà sídìí táyà. Mo jókòó pẹ́. Nígbà tí mo máa dìde, mo sọ fún obìnrin náà pé kó gbé ètò kejì síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń wọlé, bí a ṣe ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́, bí a ṣe ń fi àwòrán sí i. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní kí n kọ ohun tí mo bá fẹ́ kí ayé mọ̀ nípa ilé náà. Mo kọ orúkọ bàbá mi. Mo kọ orúkọ ìyá mi, ìlú tí wọ́n ti wá, nọ́ńbà ilé ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Mo kọ ọ́ pé ọmọ wọn méjì ṣì wà ní Kumasi. Mo tẹ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo pa á rẹ́.

"Ṣé kí n bá yín tẹ̀ ẹ́, Hajia?"

"Rárá. Fi mí sílẹ̀."

Mo tẹ bọ́tìnì náà, mo lọ sílé tààrà. Mo ti ilẹ̀kùn àgbàlá ní ọ̀sán gangan, mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, mo ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Ẹnìkan ṣoṣo ló kàn án, obìnrin tó ń ta kósè, bí wọ́n ṣe ń pe àkàrà níbí, ni. Ó ní ṣé ara mi ò yá ni tí mo fi ti ilé bíi ti ẹni tó jí nǹkan. Mo ní orí ló ń fọ́ mi. Ó ní kí n jẹ kósè.

*

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìlọ. Níwọ̀n bí ètò náà kò ti gbà kí a yọ ọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ kan sókè rẹ̀ fúnra mi, inú mi sì dùn sí i: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọjọ́ dídé yín sí ibi méjèèjì. Ọjọ́ ìlọ yín wà lọ́wọ́ yín." Obìnrin náà bá mi sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì tó dára. Kò sí ẹni tó ronú kọjá ibẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Àwọn àlejò ṣe bí a ti wí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, èmi ń fọ ìrẹsì lọ́wọ́, òyìnbó méjì wọlé pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, àwọn kọ́ ni mò ń retí. Kí n tó tẹ́ ẹní fún wọn tán, olùkọ́ mẹ́ta dé láti Tamale. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tọkọtaya kan àti ọmọ wọn mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí. Gbogbo wọn ló ní àwọn ti gba yàrá lórí kọ̀ǹpútà. Yàrá márùn-ún ni mo ní, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì ti ní ènìyàn láti ìjelòó. Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó dé, ó wo àgbàlá yíká, ó wo ẹrù.

"Ìgbà tí wọ́n lé wa lọ, èrò ò pọ̀ tó báyìí," ó ní.

Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣàwàdà. Ó kó àwọn olùkọ́ lọ sílé rẹ̀, mo fún tọkọtaya náà ní yàrá tèmi, mo sì kó ẹní mi sí ilé ìdáná fún ọjọ́ márùn-ún. Mi ò bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ.

Obìnrin ṣọ́ọ̀bù ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. "Hajia, bí ọjọ́ méjèèjì ṣe jẹ́ ọ̀kan náà, ètò yìí gbà pé bí wọ́n ṣe dé ni wọ́n lọ. Gbogbo yàrá ló ṣófo lójú tirẹ̀, nígbà gbogbo."

"Ìyẹn ni pé a lé gbogbo wọn lójú ẹsẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

A jọ wá ọ̀nà sí i. Ó ṣe é kó jẹ́ pé àlejò kò ní rí ibi ọjọ́ ìlọ mọ́. Ètò náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi ọgbọ̀n ọjọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ dídé. Bí àlejò bá lọ, èmi ni mo máa lọ sí Asafo láti tú yàrá náà sílẹ̀. Bí ó bá kọjá ọgbọ̀n ọjọ́, màá tún fi ọgbọ̀n mìíràn kún un. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ló ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà.

Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ tú yàrá sílẹ̀, màá ṣí ìwé àlejò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń lọ. Èmi àti obìnrin náà kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé nǹkan kan wà tí mò ń wá, nítorí kì í bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi máa kà á dé ìsàlẹ̀. Àwọn olùkọ́ Tamale kọ pé ọbẹ̀ mi dára. Ẹnìkan polówó bàtà. Ọkùnrin kan ní Kùwéètì kọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ lòun náà ti wá, pé inú òun dùn. Mo ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí mo bá ń wọ ọkọ̀ padà sílé, màá máa wo obìnrin tó bá tó ọmọ ogójì ọdún lé díẹ̀, màá máa wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú.

Ọ̀rọ̀ náà dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò gùn, mo sì kà á fúnra mi. Ọmọbìnrin kan ló kọ ọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ìyá òun kò mọ kọ̀ǹpútà lò. Ó ní ìyá òun ni ẹni tó wọ ọkọ̀ kejì. Ó ní ìyá òun ti ka orúkọ àwọn òbí rẹ̀, ó sì ti jókòó sínú yàrá rẹ̀ láti àárọ̀, pé ohun kan ṣoṣo ló ní kí òun béèrè: ṣé ẹ̀rù kì í bà yín mọ́ níbẹ̀?

Mi ò sunkún. Mo ní kí obìnrin náà yí fáànù sí ọ̀dọ̀ mi. Ó kà á lẹ́yìn mi, ó sì fọwọ́ lé mi léjìká, kò pè mí ní Hajia.

Mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí táyà, mo sọ fún un. Ó jókòó sórí táyà kan, ó yọ fìlà rẹ̀.

"Kọ ọ́ fún un pé rárá," ó ní níkẹyìn. "Kọ ọ́ pé àlàáfíà ni."

"Mi ò lè parọ́ fún un, Bọ̀ọ̀dá."

"Irọ́ wo? Láti ìgbà tí a ti padà wá, ta ló lé ọ?"

"Kò sẹ́ni."

"Ta ló kàn ọ́ nílẹ̀kùn?"

"Obìnrin oníkósè."

"Nígbà náà ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Lójoojúmọ́."

"Tìẹ nìyẹn. Bí o bá sọ ọ́ fún un, kò ní wá."

Mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e kiri. Mo rò ó pé bí mo bá kọ pé kò séwu, tó sì wá, tí ẹnìkan bá wò ó lójú burúkú kan ní ẹnubodè, èmi ni mo tún kọ ọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo lọ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan, ní Yorùbá, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á: "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Kò sẹ́ni tó lé wa mọ́. Bàbá àti Màmá ti kú, wọ́n sin wọ́n síbí. Èmi àti Bọ̀ọ̀dá wà. Máa bọ̀."

Àbúrò mi kò tíì wá. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀, ọdún náà dé, ó tún ní lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní ọkọ̀ òfurufú kò ba òun lẹ́rù, ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé lọ́wọ́ ènìyàn ló ń ba òun lẹ́rù. Mi ò bá a jà. Tẹ́lẹ̀, nígbà tí mi ò mọ ibi tó wà, àárò rẹ̀ máa ń wá, ó sì máa ń lọ. Nísinsìnyí mo mọ àdúgbò rẹ̀, mo mọ ọkọ̀ tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo mọ̀ pé orúnkún ọ̀tún ń dùn ún, àárò náà kò sì lọ síbì kankan mọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a jọ sọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀bù náà ló fóònù sí, ní ọ̀sán ọjọ́ tí a dá. Obìnrin Fante náà lé gbogbo àwọn tó ń tẹ̀wé síta. Mo gbé e sétí, mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sọ Yorùbá tó mọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹni tí kò kúrò níbẹ̀ rí. Ó bi mí nípa Bọ̀ọ̀dá, mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà ni mo gbàgbé ara mi, mo sọ ọ́ ní Twi bí à ti ń sọ ọ́ lórí ẹní nígbà náà: "Mafe wo."

"Kí lẹ sọ?" ó béèrè.

Mo ní, "Àárò rẹ ń sọ mí."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," ó ní.

Mo tún un sọ. Ó gbìyànjú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ kò yí. Ó ní kí n tún un sọ.